Omi Tí Bàbá Òkè Kò Mu

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Bàbá Òkè kì í ṣe àgbà ìjọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olórí àdúgbò. Kireeni ló ń wà. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ilé alájà púpọ̀, tí irin gíga kan dúró gbọnrangandan láàárín eruku, ẹ gbójú sókè pátápátá. Yàrá onígíláàsì kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni Bàbá Òkè ń jókòó sí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ọ̀tún lórí ọ̀pá kan, ọwọ́ òsì lórí èkejì, tí ó ń fi ìkọ́ ńlá gbé irin àti bíríkì láti ilẹ̀ lọ sókè. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa sọ pé bí ẹ bá so ẹyin mọ́ ìkọ́ Bàbá Òkè, yóò gbé e dé àjà tó ga jù, kò ní fọ́. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé Bàbá Òkè ni orúkọ tí bàbá òun sọ òun.

Iṣẹ́ náà ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi lé e lọ́wọ́: ẹni tó bá máa gòkè kò gbọdọ̀ mu omi. Àkàbà tó lọ láti ilẹ̀ dé yàrá yẹn ń tán ọkùnrin lókun, kò sì sí fọ́máànù tó fẹ́ kí ẹrù máa fì lófuurufú nítorí pé ẹnì kan fẹ́ tọ̀. Nítorí náà, láti ìgbà tí Bàbá Òkè bá ti jí títí di ìgbà tó bá tún fẹsẹ̀ kanlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kọfí dúdú nìkan ló ń gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá, kí oorun má baà gbé e. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n, a di itan mọ́ra, a máa bá iṣẹ́ lọ. "Omi ni ọ̀tá ẹni tó ń jókòó lókè," bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ máa ń wí. Ọ̀gá náà ti kú. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó pa á.

Ẹni tó wà lókè kì í rí ohun tí wọ́n so mọ́ ìkọ́ dáadáa. Ẹnì kan ní láti dúró nílẹ̀ pẹ̀lú rédíò lọ́wọ́, kó máa sọ fún un pé gbé e, rọra, dúró, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àbúrò ìyàwó Bàbá Òkè ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ń pè é ní Ojú Ilẹ̀. Ìgbà kan wà tí Ojú Ilẹ̀ kò níṣẹ́, tó jẹ́ pé yàrá ìdáná ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń jí sí. Bàbá Òkè ló mú un wá síbi iṣẹ́. Òun náà ló ń mú un gòkè lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá fúyẹ́, tó kọ́ ọ ní bí a ti ń di ọ̀pá mú àti bí a ti ń dá ẹrù tó ń fì dúró, tó sì kọ́ ọ ní òfin omi náà. Nígbà tó yá, Ojú Ilẹ̀ mọ kireeni wà. Ìjókòó kan ṣoṣo ló sì wà lókè.

Ìrora náà kò já wọlé bí olè. Ó rọra wá bí àlejò tó mọ̀ pé òun ò ní lọ mọ́. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé Bàbá Òkè jókòó lé òkúta wẹ́wẹ́ kan. Ó sún ìdí, òkúta náà bá a sún. Lẹ́yìn náà, tó bá fẹ́ tọ̀, á dúró títí kí nǹkan tó jáde, á wá máa kán tó, tó, á sì máa ta á bíi pé ata ló ń tọ̀. Kò ní tíì so ṣòkòtò tán tí òmíràn á tún ti máa gbọ̀n ọ́n. Abẹ́ ikùn ń dùn ún, ìbàdí ń dùn ún, ibi tí èèyàn kì í dárúkọ níwájú àwọn ọmọdé ń dùn ún jù. Kódà ọ̀rọ̀ tọkọtaya di ohun tó ń sá fún, nítorí pé níbi tó yẹ kó ti bá adùn, oró ló ń bá níbẹ̀.

Bó ṣe di ọjọ́ tí ara ò gbà á mọ́ nìyẹn, ó tẹ rédíò.

"Ilẹ̀, mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀."

"Kí ló dé, Bọ̀ọ̀dá?" Ojú Ilẹ̀ ló dáhùn.

"Mo ní mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ ṣàlàyé, kí n lè rí nǹkan wí fún fọ́máànù."

Gbogbo ibi iṣẹ́ ló ń gbọ́ rédíò náà, àti wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀, àti bíríkìlà, àti ọlọ́dẹ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Òkè fi ẹnu sún mọ́ rédíò. Ó ní, "Ìtọ̀ ni."

Wẹ́dà kan gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ tètè jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ o. Mi ò mú agbòjò wá."

Ẹ̀rín bú nínú rédíò. Fọ́máànù ní kó gbé irin tó kù tán ná. Ó gbé e tán. Nígbà tó fi máa kan ilẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù níwájú, ó sì ní láti gba àárín wọn kọjá.

Nígbà tó tún béèrè lọ́jọ́ kejì, Ojú Ilẹ̀ ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣebí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ láìpẹ́ yìí? Ṣé oyún ni ẹ ní ni?" Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Òkè ti ń mú ìgò oníke kan gòkè. Ó ń tọ̀ sínú rẹ̀, á fi àpò bò ó, á gbé e sọ̀kalẹ̀, á lọ dà á nù níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wà tí ìrora náà le débi pé àkàbà nìkan ló ń rò, ó gbàgbé ìgò náà sí ìdí ìjókòó. Ojú Ilẹ̀ ló máa ń gun òkè lọ fi gírísì pa irin tí iṣẹ́ bá parí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, rédíò sọ̀rọ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹrù kan wà níbí tó gbẹgẹ́. Ẹ rọra gbé e o."

"Kí ni?"

"Ohun tó jẹ́ pé tó bá dà, kò ṣeé kó ni."

Bàbá Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Ó wo aago tó ń sọ bí ẹrù ti wúwo tó, ọwọ́ aago náà kò mì. Ó rò pé aago ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ó gbẹgẹ́, nítorí náà ó fi gbogbo ohun tó mọ̀ gbé e, ó ń rọra gbé e bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun, kò jẹ́ kó fì sọ́tùn-ún, kò jẹ́ kó fì sósì. Ó rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ti fi irinṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbójú sókè. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wo iṣẹ́ rẹ̀ báyẹn.

"Ẹ gbé e wá síwájú yín, Bọ̀ọ̀dá, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó fà á sún mọ́ gíláàsì. Ìgò rẹ̀ ni. Wọ́n fi okùn so ó lọ́rùn mọ́ ìkọ́ tó ń gbé odindi ògiri. Oòrùn àárọ̀ là á kọjá, ó ń dán bí oyin.

Àtẹ́wọ́ gba ilẹ̀ kan. Ẹnì kan pariwo nínú rédíò pé, "Bàbá Ìgò, ẹ kú iṣẹ́." Orúkọ náà kò sọ̀kalẹ̀ lára rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Bàbá Òkè ní, "Níbo ni kí n gbé e sí?" Ẹ̀rín kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ̀rọ̀. Ó wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bó ṣe gbé e lọ, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀kán kan kò dà nínú rẹ̀. Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yìí.

Kó tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ojú Ilẹ̀ ti yà, ó ti jẹun níbẹ̀, ó sì ti sọ ìtàn ìgò náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń jẹun. Ìyàwó Bàbá Òkè dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, obìnrin tó ń tọ́jú ara rẹ̀ ni, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àpárá.

"Ọkùnrin tó ní òun kì í lọ síbì kankan," ló wí, "tó jẹ́ pé òkè lòun ń gbé. Ṣé ẹyẹ ló kó àtọ̀sí ràn yín ni?"

"Kì í ṣe àtọ̀sí."

"Ta ló sọ fún yín?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Obìnrin náà gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí pálọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi mú ṣòkòtò rẹ̀ sínú omi ọṣẹ bí ẹni ń mú òkú eku. Ó ní kó má fi ife òun mumi mọ́. Bàbá Òkè rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ta ló rí i kó mumi nínú ilé yẹn tẹ́lẹ̀?

Ìtìjú yẹn ló lé e dé ilé ìwòsàn, kì í ṣe ìrora. Dókítà tó bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró dè. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, ní ibi tí kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò yẹ̀ wò láyé òun.

"Kì í ṣe àtọ̀sí," ni dókítà wí. "Nǹkan kékeré kan wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, pírósítéètì là ń pè é. Kòkòrò ti wọ ibẹ̀, ó ti wú, ó sì ń fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

Ó sọ fún un. Ó sọ ti omi náà fún un, ó tilẹ̀ fi yangàn díẹ̀. Dókítà gbé bírò sílẹ̀.

"Bàbá, omi ló ń fọ ibẹ̀ fún yín, ẹ wá sé e. Ẹ sé ìtọ̀, ìtọ̀ jókòó, kòkòrò rí ilé gbé. Ẹ lo oògùn yìí tán pátá. Bí ara bá ti yá yín, ẹ ṣì máa lò ó, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni. Ẹ máa mu omi. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n yín, ẹ lọ tọ̀. Ẹ fi kọfí sílẹ̀, ẹ fi ọtí sílẹ̀, ẹ dín ata kù, ẹ jẹ èso àti ẹ̀fọ́ kí ìgbẹ́ má baà le. Ẹ máa jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ máa rìn, ẹ má jókòó pẹ́. Bí òtútù bá sì mú yín pẹ̀lú ibà, tàbí tí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ má dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ sáré wá."

"Dókítà, tí mo bá mu omi, màá máa sọ̀kalẹ̀. Tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n á gba ìjókòó lọ́wọ́ mi."

"Ìjókòó yẹn ló ń ṣe yín."

"Òun náà ni mo ní."

Dókítà wò ó. "Ẹ yàn, Bàbá," ló wí, ó sì pe ẹni tó kàn.

Ó yàn bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣe ń yàn: ó gba apá tí kò ná an ní nǹkan kan. Ó lo oògùn. Ó ń jókòó sínú ọpọ́n omi gbígbóná nírọ̀lẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á ní, "Ọmọ tuntun ti ń wẹ̀ o." Ṣùgbọ́n omi mímu, rárá. Kọfí rẹ̀ kò yẹ̀. Nígbà tí oró náà sì lọ sílẹ̀, tó jókòó lókè tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ fún ìtọ̀, ó kó oògùn tó ṣẹ́ kù sí abẹ́ ibùsùn, ó ní ara ti yá. Ó ti ń rẹ àwọn èèyàn láti máa pè é ní Bàbá Ìgò. Ohun tó fẹ́ láyé kò ju kí wọ́n tún wo ẹrù rẹ̀ kí wọ́n má rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí ìrora náà padà dé, oòrùn ń jó irin, òtútù sì ń pa Bàbá Òkè nínú yàrá onígíláàsì. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó gbé ìgò, ó fún ara rẹ̀, kò sóhun tó jáde. Ikùn rẹ̀ le bí ìlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà. Ìdì irin kan wà lófuurufú lẹ́nu ìkọ́ rẹ̀, lórí orí àwọn bíríkìlà.

"Ilẹ̀. Ara mi ò yá."

"Bàbá Ìgò," ni Ojú Ilẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, "ṣé ìgò ti kún ni?"

"Ẹ wá gbé mi."

"Ẹ gbé irin yẹn sílẹ̀ ná. Rọra."

Ó gbé e sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tó fi gbé e, ṣùgbọ́n irin náà jókòó láàyè rẹ̀ láìfi ibì kan gbún ògiri. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ọ̀pá. Wọ́n pè é, pè é, rédíò kò dáhùn, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu wọn. Okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù ni wọ́n fi dì í lábẹ́ apá, wọ́n sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ìpele dé ìpele. Àwọn tó gbé e kò mọ ẹrù í gbé. Orí rẹ̀ gbá irin, èjìká rẹ̀ gbá irin. Nígbà tó fi dé ilẹ̀, ìtọ̀ díẹ̀ ti já, ìtìjú tó fi gbogbo ọdún yẹn sá fún ti wà lára aṣọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ojú Ilẹ̀ kò sí láàárín àwọn tó ń wò ó. Ó ti gòkè. Ẹnì kan ní láti jókòó síbẹ̀, iṣẹ́ ò lè dúró.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ki rọ́bà tínrín bọ̀ ọ́, ìtọ̀ tó ti sé mọ́ ọn nínú dà sínú àpò bí odò. Dókítà pe ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: kì í ṣe àtọ̀sí, kì í ṣe obìnrin, ìtọ̀ tó ń sé ni, omi tí kò mu ni, oògùn tí kò lò tán ni. Obìnrin náà padà wá sí ìdí bẹ́ẹ̀dì. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó bu omi sínú ife kan, ife tirẹ̀ tó ní kó má fẹnu kàn, tó gbé láti ilé wá.

"Ẹ mu ún," ló wí.

Ó mu ún. Omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀.

Àìsàn náà kò tán lọ́jọ́ kan. Oògùn ọ̀hún pẹ́ títí débi pé ara rẹ̀ ń sá fún un, ìyàwó rẹ̀ sì ń dúró tì í títí á fi gbé e mì. Kọfí kúrò nínú ilé. Ata di ohun tí wọ́n ń fi tọ́ ọbẹ̀ wò lásán. Ó ń jẹ èso, ó ń rìn láàárọ̀ títí dé ìkòríta, ó ń jókòó sínú ọpọ́n rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì pè é lọ́mọ tuntun mọ́. Oró náà ń lọ, ó ń padà, ó tún ń lọ, títí di ọjọ́ tó tọ̀ tán tó sì dúró níbẹ̀ pẹ́, tó ń retí pé kó ta òun, tí kò ta.

Ó padà síbi iṣẹ́. Fọ́máànù gbọn ọwọ́ rẹ̀ dáadáa.

"Inú mi dùn pé o ò kú," ló wí. "Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé àna rẹ ti wà lókè. Ọwọ́ rẹ̀ le díẹ̀, ó sì máa ń gbún nǹkan, ṣùgbọ́n kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, kì í sọ̀kalẹ̀. Rédíò ilẹ̀ ló ṣí sílẹ̀."

Ó gba rédíò náà. Kí ló tún kù tí ì bá ṣe? Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ ni ohùn kan bọ́ láti ojú ọ̀run: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàbọ̀ sílẹ̀." Àwọn wẹ́dà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo dúpẹ́."

Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ ilẹ̀ bá ara rẹ̀ mu. Ó ń dúró, ó ń rìn káàkiri, ilé ìtọ̀ wà lẹ́yìn ògiri, gọ́rà omi rẹ̀ wà lábẹ́ òjìji. Ara rẹ̀ dán. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò yé wo òkè. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹrù bá gbún ògiri, ó máa ń dùn ún ní ibi tí dókítà kò lè wò.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, Ojú Ilẹ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ wọn. Orúkọ náà kò yẹ ẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè é ní Bàbá Òkè. Kò tíì jẹun dé ìdajì tó fi dìde lọ sẹ́yìnkùlé. Ó padà, ó jókòó ní ìdí kan. Láìpẹ́, ó tún dìde. Bàbá Òkè wò ó. Ó mọ ìjókòó yẹn. Ó mọ òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ojú Ilẹ̀ lọ tán, ìyàwó Bàbá Òkè ní, "Ẹ rí i bó ṣe ń sáré lọ sáré bọ̀?"

"Mo rí i."

"Ẹ ti sọ ti omi yẹn fún un? Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ kó má mu ún."

"Mo ti sọ fún un," ni Bàbá Òkè wí.

Kò sọ fún un. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ jókòó sínú omi gbígbóná rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà, ní ọ̀sán tí oòrùn mú, rédíò ké lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn náà kéré, bí ti ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́, bẹ́ẹ̀ ó sì mọ̀ pé gbogbo wọn ń gbọ́.

"Bọ̀ọ̀dá. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀."

Wẹ́dà kan ti yọ dígí kúrò lójú, ó ti ń mú ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ẹ̀rín. Bàbá Òkè gbójú sókè sí yàrá kékeré náà, ibi tí oòrùn ti ń ta sí gíláàsì tí èèyàn kò lè rí ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ilé ìtọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ fún fọ́máànù.

Ó tẹ rédíò. "Kí ló dé?" ló wí. "Ṣàlàyé, kí n lè rí nǹkan wí fún fọ́máànù."

Bàbá Òkè ṣí gọ́rà rẹ̀ nígbà tó ń dúró de èsì, ó mu omi, kò kánjú. Ó tutù, ó sì dùn. Nígbà tí ohùn náà wá sọ ọ́ tán, tí ẹ̀rín sì gba gbogbo ilẹ̀, ó dé gọ́rà náà padà.

"Irin díẹ̀ ló kù," ló wí. "Gbé e. Rọra."